Ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni kọ̀ǹpútà mi fi ń jí báyìí: iṣẹ́ ohùn ìbẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ṣe ní Kétu

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló wà ní bútíìkì mi ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí mo ti ń bá èèyàn tẹ̀wé, tí mo ti ń ṣe fótókópì, tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò BEPC ti ń wá tẹ iṣẹ́ wọn jáde. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn bútíìkì. Bí kúràn bá ti lọ, ibẹ̀ ni mo máa ń wọ̀, nítorí kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe níwájú kọ̀ǹpútà tí ojú rẹ̀ dúdú? Bí kúràn bá sì padà, àwọn ńlá méjèèjì máa ń tan ara wọn, torí ẹni tó tà wọ́n fún mi ti ṣètò wọn bẹ́ẹ̀ láti inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìdí ìkòkò, n kì í mọ èyí tó ti dìde tán, èyí tó ṣì ń fà, àti èyí tó dúró gbagidi tó ń retí mi. Àfi kí n fi ata sílẹ̀, kí n ṣan ọwọ́, kí n wá wò. Ní ọjọ́ tí kúràn bá ń lọ tó ń bọ̀, mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́fà.

Ìdí tí mo fi lọ ṣe ohùn ìbẹ̀rẹ̀ sí wọn nìyẹn, ohùn tí kọ̀ǹpútà máa ń ké nígbà tó bá ń tan. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí pé àwọn tó gbọ́ rò pé fàájì ni mo náwó lé. Kì í ṣe fàájì. Mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀, bí ewúrẹ́ ṣe ń ní igbe tirẹ̀ nínú agbo tí ẹni tó ni ín fi ń dá a mọ̀, kí n lè wà nídìí iná kí n sì mọ̀ pé ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ti dé, ti ẹnu ọ̀nà kò tíì dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Windows XP máa rántí pé kò ṣòro nígbà yẹn. Èèyàn á wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò ohùn, á mú fáìlì tó wù ú, ó tán. Láti ìgbà Windows Vista ni Microsoft ti gbé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ pamọ́ sínú ikùn Windows fúnra rẹ̀: o lè ní kó dákẹ́, o kò lè ní kó kọ orin mìíràn. Nígbà tí Windows 8 sì dé ní 2012, ó dákẹ́ pátá bí wọ́n ṣe gbé e jáde, Windows 10 náà tẹ̀ lé e, ó di Windows 11 ní 2021 kí ohùn tó padà. Windows 10 ló wà lórí àwọn ńlá mi méjèèjì, Windows 11 lórí alágbèéká. Àwọn tí mo nílò kí wọ́n pè mí gan-an ni odi.

Kí n tó dé ibi tí mo fẹ́ yìn, mo ti kọ́kọ́ jìyà. Ọdún tó kọjá, mo gbé kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà fún ẹnì kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ àdúgbò rẹ̀. Ó gba owó, ó da kọ̀ǹpútà padà lọ́jọ́ kejì, ó sì ń kọrin lóòótọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ti lọ tú fáìlì Windows kan tí wọ́n ń pè ní imageres, ó yọ ohùn tó wà níbẹ̀, ó ti tiwa bọ̀ ọ́. Fáìlì yẹn kan náà ni Windows ń kó ọ̀pọ̀ àwòrán kéékèèké rẹ̀ sí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn fódà mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láìní àwòrán, bébà funfun lásán, àwọn oníbàárà ń bi mí pé ṣé àrùn ti wọ̀ ọ́ ni. Nígbà tí Windows sì ṣe ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀, ó gbé fáìlì tirẹ̀ lé e lórí, orin mi sì pòórá. Mo padà lọ bá a. Ó ní kí n tún sanwó. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo lọ.

Ibi tí mo fẹ́ sọ fún yín wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Pọ́bẹ̀, ilé páànù aláwọ̀ búlúù kan, bẹ́ǹṣì kan níwájú, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú ikùn wọn ká ilẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ni ín, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń kọ orúkọ èèyàn àti nọ́ńbà sínú kàyé. Nígbà tí mo sọ ohun tí mo bá wá, kò sọ iye owó. Ó ní, “Ìyá fótókópì, kí lẹ fẹ́ kí ohùn náà máa ṣe fún yín?” Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè yẹn nìyẹn. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná fún un. Ó dákẹ́, ó ń yí ìdè irin kékeré kan lọ́wọ́, ó wá ní, “Nígbà náà, ẹ̀yin kò fẹ́ ohùn ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn ìparí lẹ fẹ́. Ẹ fẹ́ kó pè yín nígbà tó bá ti múra tán.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló yanjú gbogbo rẹ̀. Ohùn tó wà nínú ikùn Windows máa ń dún kí kọ̀ǹpútà tó ṣe tán fún iṣẹ́, nígbà tó ṣì kù kí èèyàn wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò fọwọ́ kàn án rárá. Ó kọ́kọ́ wo ọgbẹ́ tí ẹni ìṣáájú dá sílẹ̀: ó ṣí fèrèsé dúdú kan, ó tẹ sfc /scannow, Windows fúnra rẹ̀ ń yẹ fáìlì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èyí tó dára rọ́pò èyí tí wọ́n ti bàjẹ́. A ra ẹ̀pà sísè, a jẹ ẹ́ tán, kò tíì parí. Nígbà tó parí, àwòrán àwọn fódà mi ti padà. Lẹ́yìn náà ló wá lọ sí ibi tí kọ̀ǹpútà wa ń pè ní “Planificateur de tâches”, ó kọ àṣẹ kan síbẹ̀: nígbàkígbà tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ti wọlé tán, lu fáìlì ohùn yìí. Kò ju ìyẹn lọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára Windows, ìmúdójúìwọ̀n sì ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn, ohùn mi ṣì wà níbẹ̀.

Mo bi í pé báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa wọlé fúnra rẹ̀ nígbà tó ní kóòdù, nítorí ìwé àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀, àkọsílẹ̀ ìbí, ìwé ilẹ̀, n kò lè ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ó ní kó máa wọlé, kó pè mí, kó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Bó ṣe ń ṣe báyìí nìyẹn: ó wọlé, ohùn dún, ojú ibi tí wọ́n ti ń béèrè kóòdù tún padà wá. Ó kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá gbé odidi kọ̀ǹpútà náà lọ lè wá kóòdù yẹn rí bó bá gbọ́n. Mo dúpẹ́ pé ó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ohùn náà gan-an, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọmọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Fún kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni mo fẹ́. Kétu la wà. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001, inú rẹ̀ la bí wa sí, kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi á máa fi dùùrù aláìnílé jí mi? Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó ń lù ú ládùúgbò wa. Mo kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí etí gbọ́ là ń gbé sórí tẹlifóònù. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní, “Ti ọ̀sán ni kí o mú, ti ìta gbangba. Má fọwọ́ kan Ẹ̀fẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ alẹ́, ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, a kì í gé ọ̀rọ̀ lórí gé e nídìí.” Wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbìyànjú ìlù wọn lẹ́yìn ilé. Mo lọ, mo fi tẹlifóònù gba ìṣẹ́jú mẹ́rin sílẹ̀.

Mo ti yan apá tó wù mí jù kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, níbi tí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ gbùúgbùú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ó dùn, ó ní kò ṣeé lò. Inú bí mi díẹ̀. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé ohùn ìbẹ̀rẹ̀ Windows 95, Brian Eno ni Microsoft bẹ̀ kó ṣe é, olórin ńlá ará Gẹ̀ẹ́sì, pé wọ́n ní kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, pé ọkùnrin náà ṣe 84 kó tó ṣẹ́ ọ̀kan kù. Mo lọ wádìí rẹ̀ nígbà tí mo délé, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Fún ohun tí èèyàn á gbọ́ kó tó mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ohun tí ẹ máa gbọ́ nígbà mẹ́fà lójúmọ́, bó bá gùn, ẹ máa kórìíra rẹ̀ kí oṣù tó pé, bó ṣe wù kó dùn tó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ó so báàfù kéékèèké méjì, irú tèmi gan-an, tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹ́fà, mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n lọ dúró lójú títì kí n gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ yà mí lẹ́nu. Ìyáàlù tó ń mì mí láyà lẹ́yìn ilé bàbá mi, kò jáde. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn lókèèrè. Ó ṣàlàyé pé awọ báàfù kékeré kò lè ti afẹ́fẹ́ tó láti gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, ohùn òkè nìkan ló lágbára fún. Ó ní tí a bá fẹ́ kí ìlù yìí rin ìrìn láti bútíìkì dé ilé ìdáná, kọjá ògiri kan àti ariwo epo gbígbóná, omele la máa tẹ̀ lé, kì í ṣe ìyáàlù. A tún gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí ibì kan tí omele ti ń sáré níwájú, tí irin ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń dán ijó wò sì ń dún ṣaran-ṣaran lábẹ́ rẹ̀. N kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí irin yẹn nígbà tí mo ń gbà á. Ó gé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin níbẹ̀ pẹ̀lú Audacity, ètò kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó jẹ́ kí ìparí rẹ̀ rọra lọ dípò kó já gbì. Ó gé oríṣi méje fún mi, mo jáde sójú títì nígbà méje, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí. Ìkarùn-ún la mú.

Tí mo bá ní ohun kan láti sọ fún ẹni tó fẹ́ ṣe irú èyí nílé fúnra rẹ̀, òun ni pé kó gbọ́ ọ láti ibi tó máa ti máa gbọ́ ọ, kì í ṣe níwájú kọ̀ǹpútà, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ohun àfisétí. Kó sì fi pamọ́ ní WAV, oríṣi fáìlì ohùn kan. MP3 kì í dún bí wọ́n ṣe ṣètò tiwa yìí.

Kọ̀ǹpútà ẹnu ọ̀nà, ohùn ìyá mi ni. Ìyá mi ló máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ gbogbo oníbàárà mi àti ẹni tó jẹ mí lówó. Bí kúràn bá dé, kí ọmọdé kankan ládùúgbò tó pariwo, wọ́n á ti ké láti orí àga wọn pé “Kúràn ti dé o, ẹ padà síṣẹ́ yín!” Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ sínú WhatsApp, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ohùn WhatsApp kì í ṣe WAV, ó ní láti yí i padà, ìyẹn kò gba àkókò. Ibi tí iṣẹ́ ti di iṣẹ́ ni gígùn rẹ̀. Ìyá mi kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó gùn tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ.

Ó kọ́kọ́ mú un sáré. Ohùn náà ga, ó di ti ọmọ ọdún méje, mo ní rárá o, n kò fẹ́ kí ìyá mi di ọmọ mi. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ fi ń yára tí ohùn kì í gòkè. Ó ṣe ìyẹn. Ó sàn, ṣùgbọ́n àmì ohùn ń gún ara wọn, “ẹ padà” ń dún bí “ẹ pàdé” létí mi, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Èdè wa kọ́ nìyẹn, èdè wa kì í sáré bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ronú. Ó wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó padà sí ohùn àkọ́kọ́, ó ń wo àwòrán rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ń gé ibi tí ìyá mi ti dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ nìkan. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kankan. Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn “o,” ó béèrè bóyá kí òun yọ ọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún.

Nígbà tí mo gbé e délé tí ìyá mi gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀fun àwọn gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́, wọn kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mu omi, wọ́n tún un sọ, mo padà lọ. Ọmọ náà tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀. Báyìí, bí kọ̀ǹpútà bá ti pariwo pé kúràn ti dé, ìyá mi máa ń dá a lóhùn: “Mo gbọ́.”

Alágbèéká, agogo ẹyọ kan péré ni mo ní kó fi sí i, nítorí mo máa ń gbé e lọ síbi ìpàdé, n kò fẹ́ kó máa lùlù níwájú àwọn àgbà. Òun ló fún mi ní wàhálà. Ní bútíìkì ó ń dún, bí mo bá gbé e jáde kò ní dún. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo gbé e padà, ó wò ó, ó sì sọ ojú abẹ níkòó pé òun lòun gbàgbé: ibi tó kọ àṣẹ sí ní àpótí kékeré kan tí Windows ti fàmì sí tẹ́lẹ̀, tó ní kí iṣẹ́ náà máa wáyé kìkì tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí kúràn. Bó bá wà lórí bátìrì, kò sí ohun tó máa dún. Ó yọ àmì náà, ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, ẹ wá a sí ojú ewé “Conditions.”

Àwọn nǹkan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọjọ́ méjì ló pè, ọjọ́ márùn-ún ló gbà, àbúrò rẹ̀ ló sì ń dáhùn tẹlifóònù pé “ó kù díẹ̀” títí ó fi sú mi. Fèrèsé kékeré kan máa ń ṣẹ́jú wìì lójú kọ̀ǹpútà kí ohùn tó dún. Ó ní òun lè wá nǹkan ṣe sí i, kò tíì ṣe é. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri ti dàgbà, ìlù rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dún, ó lè tó ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó ti wọlé, nítorí Windows ní iṣẹ́ mìíràn tó kọ́kọ́ ń ṣe. Fún èmi tí mo wà nídìí iná, kò burú, ó ti ṣe tán pátápátá nígbà yẹn. Ẹni tó bá jókòó síwájú rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rún méjì sẹ́fà ló gbà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lórí gígé àwọn ohùn, ó di 7,500. Mo san án tinútinú. Títún fáìlì tí ẹni ìṣáájú bàjẹ́ ṣe, kò kà á mọ́ ọn.

Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé báàfù tiyín dání, ẹ má jẹ́ kó fi tirẹ̀ dán an wò. Ẹ lọ láàárọ̀, torí lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ibẹ̀ máa ń kún. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ ti ní òun fẹ́ ti òun, ó ti ń fi ohùn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ Ẹtì, mẹ́tàlá ni mo gbà lánàá nìkan, gbogbo wọn ló ju ìṣẹ́jú kan lọ.